Bí Ohùn Àparò Ṣe Há

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹni tó bá ń húkọ́, kó lọ mu omi kó tó padà wá jókòó. Àlọ́ mi gba inú koríko gbígbẹ kọjá, eruku ẹ̀ẹ̀rùn bò ó, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè. Orí Àparò ló balẹ̀ sí, Àparò abiyamọ, àti Ehoro elétí gígùn tó tàn án jẹ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ẹyẹ ṣì jọ ń dáko, Àparò ló ní ohùn tó dùn jù ní gbogbo ọ̀dàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí Àparò bá lanu láàárọ̀, ẹni tó ń pọnmi á gbé kèrègbè sílẹ̀, á dúró. Ohùn náà mọ́ bí omi inú àpáta, ó sì ń lọ jìnnà.

Ọkọ Àparò ti kó sí pàkúté ọdẹ lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ mẹ́fà ló fi sílẹ̀ fún un. Àyọ̀ká ni àkọ́bí. Àlàó ló tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta wà láàárín. Ẹ̀rọ̀ ni àbíkẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò gún dáadáa, òun ló máa ń kẹ́yìn nínú ìrìn.

Ẹ sì mọ̀ pé àparò kì í kọ́lé sórí igi. Ilẹ̀ ló ń gbé, láàárín koríko, koríko sì ga ju ọmọ àparò lọ. Bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wọ inú rẹ̀ lọ wá ikán jẹ, ìyá kì í rí ọmọ, ọmọ kì í rí ìyá. Ohùn nìkan ló so wọ́n pọ̀. Torí náà ni Àparò ṣe máa ń kìlọ̀ fún wọn lójoojúmọ́: "Bí ẹ bá rí ewu, ẹ má sá kiri. Ẹ dúró lójú kan. Ẹ tẹ́tí. Màá kọrin, ẹ ó sì tẹ̀ lé ohùn mi títí ẹ ó fi bá mi."

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gun orí òkìtì ọ̀gán, á kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àyọ̀ká o, oòrùn ti rọ̀,
Ẹ máa bọ̀ wálé.
Àlàó o, di ọwọ́ àbúrò rẹ mú,
Ẹ máa bọ̀ wálé.
Ẹ̀rọ̀ mi, rọra tẹ̀ lé ohùn mi,
Ẹ máa bọ̀ wálé.
Ibi tí mo wà náà lẹ ó wà,
Ẹ máa bọ̀ wálé.

Ẹ ṣeun. Bí orin náà bá ti dún báyìí, koríko á máa mì lọ́tùn-ún, á máa mì lósì, orí kékeré mẹ́fà á sì yọ jáde níkọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò tètè kásẹ̀ nílẹ̀. Ikán wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ. Èso koríko gbẹ dànù. Àparò á ha ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ á fi ṣẹ̀jẹ̀, ohun tó máa rí kò ní kún ẹnu ọmọ kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti mẹ́fà.

Ní àsìkò yẹn náà ni ọkà bàbà gbó nínú oko Baálẹ̀ Ẹfọ̀n. Ẹyẹ ẹ̀gà sì dé. Ẹ̀gà kì í wá lẹ́yọ kan. Wọ́n bo ojú ọ̀run bí ìkùukùu. Ẹfọ̀n lé wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ló bá kéde pé ẹni tó bá lè bá òun ṣọ́ oko náà títí di ọjọ́ ìkórè, òun á pín ọkà náà sí ọ̀nà mẹ́ta, òun á fún un ní ọ̀nà kan.

Ehoro gbọ́. Ehoro kò dáko, kò sì fẹ́ràn ọkọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ kì í bá. Ó fò síwájú.

"Baálẹ̀, èmi ni yóò ṣọ́ ọ. Ẹ lọ sinmi nílé."

Ẹfọ̀n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Ẹ má bi mí bí màá ṣe ṣe é. Bí ẹ bá rí ẹ̀gà kan lórí ọkà yín, ìgbà yẹn ni kí ẹ bi mí léèrè."

Kò tíì kúrò lọ́dọ̀ Ẹfọ̀n dáadáa tó fi gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Àparò lọ. Ó bá a níbi tó ti ń ha ilẹ̀.

"Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ọmọ títọ́."

"O ṣeun, Ehoro. Kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ opó lọ́sàn-án gangan?"

"Ohùn yín ni. Mo gbọ́ ọ lánàá, omi bọ́ lójú mi. Mo ní, irú ohùn báyìí, ṣé ọmọ mẹ́fà péré ló yẹ kí a máa fi í pè? Ẹ wá dúró sórí òkìtì tó wà nínú oko Baálẹ̀. Bí ẹ̀gà bá ń bọ̀, ẹ kígbe. Wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, wọ́n á sá. Bí ẹ bá ti ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, màá gbé ọkà lé yín lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ."

Kò sọ ọ̀rọ̀ ìpín rẹ̀. Àparò kò sì bi í.

Àparò wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mì kí ebi lè jẹ́ kó gbádùn. Àparò yí ojú padà.

"Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀gà dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Àparò dúró lórí òkìtì, ó mí kanlẹ̀, ó kígbe: "Ẹ̀gà o! Ẹ yà o! Oko olóko nìyí o!" Ohùn náà lọ bí ọfà. Agbo ẹ̀gà dojú rú, wọ́n forí gbá ara wọn, wọ́n sì fò lọ. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́fà jẹ ọkà yó. Ẹ̀rọ̀ sùn lọ pẹ̀lú ọkà lẹ́nu. Àparò jókòó, ó ń wò wọ́n, ó sì rò ó lọ́kàn pé ìyà ti tán.

Ehoro ńkọ́? Abẹ́ igi ìyeyè ló wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó na ẹsẹ̀ sí ojú ibòòji.

Ìbá jẹ́ pé ó dúró síbẹ̀ ni, bóyá ìtàn wa ì bá dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà kì í yó. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Ehoro tún fi lọ sọ́dọ̀ Ìgalà, ó lọ sọ́dọ̀ Túùkú, tí oko wọn bá ti Ẹfọ̀n pààlà. Ó bá àwọn náà ṣe àdéhùn kan náà. Ó padà dé, ó ní:

"Ìyá Àyọ̀ká, iṣẹ́ yín dùn mọ́ gbogbo ayé. Oko méjì tún kún un. Ẹ ṣáà gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i."

"Oko mẹ́ta, Ehoro? Ohùn ẹnì kan?"

"Ta ló tún ní irú ohùn yín?"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ̀ pé ìyìn máa ń pa ni. Àparò gbé ohùn sókè.

Láti ìgbà tí ojú bá ti mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀, ó ń kígbe. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó kígbe; ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó kígbe. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ń wọ̀ ọ́ lọ́fun. Bó bá ní kí òun sáré lọ mumi létí odò, Ehoro á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lọ, wọ́n á balẹ̀." Á sì gbé itọ́ mì, á dúró.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn á rẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, á sì sàn láàárọ̀. Nígbà tó yá, kò sàn láàárọ̀ mọ́. Ó ń ṣe é bíi pé ìhùùhù kan há a lọ́fun. Á ha á, hẹẹm, hẹẹm, kò ní jáde. Bó bá fẹ́ gbé ohùn sókè, á já lójijì bí òwú tó ti gbó. Ọrùn ń dùn ún títí dé etí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun òkìtì ọ̀gán rẹ̀, ó kọrin. Orí márùn-ún yọ nínú koríko. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó pẹ́ kí Ẹ̀rọ̀ tó yọ, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀.

"Níbo lo wà láti ìgbà yìí?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọrin yẹn? Mo rò pé ẹlòmíràn ló fẹ́ tàn mí ni, mo bá sá pamọ́."

Àparò fi ìyẹ́ bò ó mọ́ra. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, kò lọ sóko. Etí odò ló lọ, sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, àgbà tó mọ tinú tòde ohùn.

"Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ kú ilé o."

Ọ̀pọ̀lọ́ yọ orí nínú ẹrẹ̀. "Ta ni mò ń gbọ́ bí atẹ́gùn yìí? Àparò! Kí ló jẹ ohùn rẹ? Súnmọ́ mi. La ẹnu."

Ó wo ọ̀fun rẹ̀ títí. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, awẹ́ kéékèèké méjì ló wà nínú gògóńgò, wọ́n rí bí ètè. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń kan ara wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Bí a bá ń kígbe, wọ́n ń gbá ara wọn bí ẹni ń jà. Tìrẹ ti wú. Wọ́n ti pọ́n. Kókó sì ti ń yọ lára wọn, bó ṣe ń yọ látẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń roko láìsinmi."

"Ṣé ó ń pa ni, Ìyá?"

"Irú kókó tìrẹ yìí kì í pa ni. Ohùn ló ń pa. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Lọ dákẹ́. Má kígbe, má kọrin. Má sì rò pé o lè máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyẹn náà ń fún ọ̀fun pọ̀ ni. Yé ha ọ̀fun. Máa mumi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Sá fún èéfín, sá fún eruku. Fi ọjọ́ méje ṣe é, kí o padà wá kí n tún un wò. Wo èmi. Mo ń kígbe lójò, mo ń sinmi lẹ́ẹ̀rùn. Kò sí ọ̀fun tó lè ṣe é láìdákẹ́."

"Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ mi fún ọjọ́ méje?"

Ọ̀pọ̀lọ́ nawọ́ sí ẹrẹ̀ etí odò. "Kó wọn wá síbí. Kòkòrò ṣì kù nínú ẹrẹ̀. Kò pọ̀, ẹ ò ní yó, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kú."

Àparò dúpẹ́. Ó pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé lọ́la lòun á kó wọn wá. Òótọ́ ni mo sọ fún yín, ó pinnu.

Ṣùgbọ́n Ehoro ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó padà dé. Àparò ṣàlàyé fún un. Ehoro fi ọwọ́ lu itan.

"Ọ̀pọ̀lọ́! Ẹni tó ń sùn nínú ẹrẹ̀, kí ló mọ̀ nípa ohùn? Ìyá Àyọ̀ká, ìkórè ku ọjọ́ márùn-ún. Márùn-ún péré! Bí a bá kórè tán, agbọ̀n mẹ́wàá ni màá gbé síwájú yín. Ẹ ò tún ní ha ilẹ̀ mọ́ títí òjò á fi dé. Ẹ gba èyí."

Ó tú ewé. Ataare àti ata gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́ pa pọ̀. Ohùn á là wàá."

Àparò wo ata náà. Ó wo Ẹ̀rọ̀, tí egungun àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò. Ó rántí ẹrẹ̀ etí odò, ó rántí agbọ̀n mẹ́wàá. Ẹ má bínú sí i, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ. Ó jẹ ẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó kú tipiri, kò sì mọ ìrora mọ́. Nígbà tó lanu, ohùn jáde.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ehoro wí.

Láti ọjọ́ náà, Ehoro kò gbé ọkà wá fún àwọn ọmọ mọ́. Ó ní kí wọ́n fara dà á di ọjọ́ ìkórè. Torí náà ni àwọn ọmọ ṣe padà sínú koríko lọ wá oúnjẹ, wọ́n sì ń lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ti yọ sókè, agbo ẹ̀gà ńlá dé. Àparò kígbe ẹ̀ẹ̀kan. Ó fẹ́ kígbe lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan já lọ́fun rẹ̀, fàà. Ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu. Ó tún lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kódà èémí lásán kò dún.

Ẹ̀gà ń yí po lókè, wọ́n ń retí igbe. Wọn ò gbọ́ ọ. Ọ̀kan balẹ̀. Mẹ́wàá balẹ̀. Ìgbà tó yá, ojú ọ̀run ló wó lu oko.

Ehoro ta jí lábẹ́ igi. "Ẹ kígbe! Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kígbe!" Àparò kọjú sí i, ó la ẹnu rẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè rí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ehoro bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, ó ń ké wín-ínwín-ín, ó ń ju ilẹ̀pa. Kò sí ẹ̀gà tó wò ó. Kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí, oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di pòròpórò lásán. Ehoro gbọ́ pátákò Ẹfọ̀n lọ́nà, ilẹ̀ ń mì. Kò dágbére. Ó ki eré mọ́lẹ̀. Kò rí ọkà kan ṣoṣo mú lọ.

Àparò kò tẹ̀ lé e. Ilé ló kọjú sí. Ibẹ̀ ló ti rí èéfín.

Àwọn ọdẹ ti tiná bọ ọ̀dàn. Ọyẹ́ gbé iná náà, ó ń gbé e bọ̀ bí ẹni ń ká ẹní. Àparò sáré gun òkìtì ọ̀gán. Ó na ọrùn. Ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ pe Àyọ̀ká.

Kò dún.

Ó pe Àlàó. Ó pe Ẹ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja lórí ilẹ̀.

Nínú koríko, àwọn ọmọ rẹ̀ ti rí èéfín náà. Wọn ò sá. Ìyá wọn ti kọ́ wọn. Wọ́n dúró lójú kan, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ń retí orin.

Àparò já wọ inú koríko lọ. Ó ń fi àyà la ọ̀nà, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó kan Àyọ̀ká àti méjì nínú àwọn àbúrò rẹ̀, ó fi ìyẹ́ lé wọn títí dé ọ̀nà odò. Ó padà. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbiná, ó yí i mọ́lẹ̀, ó dìde. Ó rí ọmọ kẹrin, ó fi ẹnu wọ́ ọ jáde. Ó tún padà lẹ́ẹ̀kẹta. Koríko ga. Èéfín ṣú. Bóyá ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ó lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wí. Iná lé e jáde.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ló fà á bọ inú ẹrẹ̀, ó ń fi ẹrẹ̀ tútù pa á lára. "Má sọ̀rọ̀," ló ń wí, "má sọ̀rọ̀, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọ̀rọ̀ náà kò wúlò, ló bá bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, eérú tutù. Àparò rí wọn níbi tí koríko ti pọ̀ jù. Àlàó na ìyẹ́ méjèèjì bo àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Àparò fi èékánná gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Kò lè sunkún kó dún.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Ehoro tó wá. Ẹfọ̀n ti ba ihò rẹ̀ jẹ́, Ìgalà àti Túùkú ń wá a káàkiri. Ó ti rù. Ó dúró lókèèrè, ó ká etí rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá Àyọ̀ká. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé yóò dà báyìí."

Àparò wò ó.

"Ẹ bú mi. Ẹ ṣépè fún mi, ó tọ́ sí mi. Tàbí kí ẹ ní ẹ ti dárí jì mí. Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣáà sọ nǹkan kan."

Ó na etí rẹ̀ méjèèjì sókè, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Atẹ́gùn ń gbé eérú kọjá láàárín wọn. Kò gbọ́ èpè, kò gbọ́ ìdáríjì. Nígbà tó yá, Àparò yí ẹ̀yìn sí i, ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ mẹ́rin tó kù. Láti ọjọ́ náà ni Ehoro ò ti ní ilé kan pàtó. Orí ilẹ̀ gbalasa ló ń sùn, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ pa dé, etí rẹ̀ sì ń na sókè sí gbogbo nǹkan tó bá ta pútú.

Òjò padà dé. Ohùn Àparò náà padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lọ ló padà. Èyí tó dé há gbaragbara, bí ẹni ń fi àdá ha òkúta. Ìyẹ́ tó hù sára rẹ̀ náà kò dán mọ́, àwọ̀ eruku àti iná ló gbé jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ohùn náà kọ́kọ́ dún, ojú tì í, ó fẹ́ pa ẹnu dé. Àyọ̀ká sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ pè wá bẹ́ẹ̀ náà. A ti mọ̀ ọ́n." Wọn ò sì jẹ́ kí ó kúrò lójú wọn mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ohùn kì í ṣe irin, ara ni. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ fún un lómi, ẹ má fi ata tì í sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá há tí kò tètè là, ẹ tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá wí. Ẹni tó ń yìn yín kí ẹ lè máa ṣe iṣẹ́ fún un, tí kò jẹ́ kí ẹ dúró mu omi, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kó èrè sórí agbára ẹlòmíràn, ọjọ́ tí agbára náà bá tán, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi má bá mi jí lọ́la.